Kí Wọ́n Tó Wó O: Bí Ẹ Ṣe Lè Kó Ìtàn Ilé Ìjọsìn Àdúgbò Yín Jọ

Tí ẹ bá gbọ́ ní ìpàdé ìjọ pé wọ́n fẹ́ tún ilé Ọlọ́run kọ́, tàbí tí wọ́n kéde lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ pé mọ́ṣáláṣí ti há, ẹ má dúró de ọjọ́ tí katapílà máa dé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Owó kò tíì pé, ìgbìmọ̀ ṣì ń jiyàn lórí àwòrán ilé, àwọn àgbà tó mọ ilé àtijọ́ ṣì lè tẹ ọ̀pá débẹ̀. Tó bá di pé bíríkìlà ti kó irin dé, ariwo ìdáwó ni ẹ máa gbọ́, kò sẹ́ni tó máa ráyè ìbéèrè yín.

Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Mùsùlùmí ni ilé bàbá mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni ìyá mi, nítorí náà wọ́n mọ̀ mí ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì mọ̀ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ìwé, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń wá bá mi fún: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa kọ ìtàn ìjọ wa, àjọ̀dún ti kù sí dẹ̀dẹ̀." Ó ti ń sú mi díẹ̀. Mo fẹ́ kọ bí mo ṣe ń ṣe é síbí, kí ẹ lè ṣe tiyín láìpè mí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé àjọ̀dún tó wà nílé yín. Ìkíni gómìnà ló wà níwájú, lẹ́yìn náà ti bíṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn náà ti alága ìjọba ìbílẹ̀. Orúkọ àwọn àlùfáà tẹ̀ lé e, láti ẹni àkọ́kọ́ títí dé ẹni tó wà níbẹ̀ báyìí, olúkúlùkù pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpolówó ilé epo àti ilé ìgbàlejò. Ẹ wá a tinú tẹ̀yìn, ẹ ò ní rí orúkọ ẹni tó mọ ògiri.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ní Èkó, a mọ̀ pé João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà (àwọn tó padà dé láti Brazil àti àwọn ọmọ wọn), ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 4 oṣù Keje ọdún 1894. Gómìnà Gilbert Carter wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Abdullah Quilliam, Gẹ̀ẹ́sì tó di Mùsùlùmí, sì wá láti Liverpool láti ṣojú Sultan Turkey. Ilé náà ṣì dúró ní Martins Street, ìjọba àpapọ̀ sì sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 2013. Ti Holy Cross, ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ní Èkó, yàtọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tí Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre kọ́ fún àwọn Àgùdà ní nǹkan bí 1880 kò sí mọ́, èyí tó wà níbẹ̀ lónìí, lẹ́yìn 1930 ni wọ́n kọ́ ọ. Síbẹ̀, orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ méjèèjì kò bá ògiri wó. Ta ló kọ́ tiyín?

Ẹ má béèrè "ìtàn"

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ jù nìyí, nítorí náà màá pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Tí ẹ bá jókòó síwájú àgbà tí ẹ ní, "Bàbá, ẹ sọ ìtàn ìjọ yìí fún wa," ohun tó wà nínú ìwé àjọ̀dún ló máa kà padà fún yín. Kì í ṣe pé kò mọ nǹkan míì. Ó rò pé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn ni, ó sì ń bẹ̀rù kí òun má sọ ohun tó yàtọ̀ sí ti àlùfáà. Ẹ gbàgbé ìtàn. Ẹ bi í pé níbo ló máa ń jókòó nígbà tó wà ní kékeré. Ta ló wà níwájú rẹ̀? Ta ló máa ń sùn tí ìwàásù bá ti gùn? Ibo ni òjò ti máa ń jò, ta ló sì máa ń gbé garawa síbẹ̀? Ẹnu ọ̀nà wo ni ìyàwó ń gbà wọlé, èwo ni wọ́n ń gbé òkú gbà? Ní mọ́ṣáláṣí, ẹ béèrè pé ta ló ń pọn omi àlùwàlá kí ẹ̀rọ tó dé, òpó wo ni bàbá rẹ̀ máa ń fẹ̀yìn tì nígbà wáàsí Ramadan, ta ni ládàánì tí ohùn rẹ̀ ń dé òdìkejì odò láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Inú ilé náà gan-an ni kí ẹ ti béèrè, kì í ṣe nínú pálọ̀ àgbà náà. Tí kò bá lè rìn, ẹ wá ọkọ̀, ẹ bá a gbé àga sí àárín ilé, kí ẹ sì dákẹ́ fún un díẹ̀. Mo ti rí i tí ìyá kan tó lé ní ọgọ́rin ọdún fi ọ̀pá kan ògiri ní ṣọ́ọ̀ṣì kan, tó ní, "Ilẹ̀kùn ló wà níbí." Àwọn wọ́dìn rẹ́rìn-ín. Ògiri funfun gbalaja ni gbogbo wa ń wò. Ìyá ní kí wọ́n lọ bu omi wá, kí wọ́n fọ ọ̀dà kúrò. Nígbà tí wọ́n ha á dé bíríkì, férémù igi wà níbẹ̀, ìkọ́ ilẹ̀kùn sì ti dípẹtà mọ́ ọn. Ó wá ṣàlàyé pé agbo ilé kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí wọ́n bínú lọ sí ìjọ àwọn Áfíríkà nítorí ọ̀rọ̀ aya púpọ̀, wọ́n dí ilẹ̀kùn náà. Kò sí ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé kankan. Gbólóhùn kan ni ìwé àjọ̀dún fi sọ ọ́: "Ìjọ la ìṣòro kọjá ní àkókò yìí."

Irú ìyapa bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìtìjú tí à ń bò mọ́lẹ̀. Ní Èkó, gbogbo ayé mọ̀ pé ní 1901 ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ St Paul's Breadfruit jáde nítorí bí wọ́n ṣe mú James Johnson, àlùfáà wọn, kúrò níbẹ̀, tí wọ́n sì dá African Church Bethel sílẹ̀. Ìjọ méjèèjì ń sọ ọ́ títí dòní. Tí ẹ bá rí ilẹ̀kùn tí wọ́n dí, ẹ béèrè.

Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Búrẹ́dì àti wàrà alágolo tó. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ béèrè àlàáfíà ilé kí ẹ tó yọ fóònù. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ sì sọ orúkọ àgbà náà, ibi tí ẹ wà àti déètì sínú ẹ̀rọ kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ẹ ò ní mọ ohùn ta ni. Ẹ pa ìpè fóònù. Ẹ má lọ lọ́jọ́ ọjà. Tí ọmọ ilé bá fẹ́ máa dáhùn fún ìyá rẹ̀, ẹ rán an níṣẹ́ kan tó jìn. Àgbà kan lè sọ pé òun kò fẹ́ kí ohùn òun wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ fi fóònù sápò, ẹ gbọ́ tán, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó délé.

Tí wọn kò bá mọ ọdún

Wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ ya àtẹ kékeré sí ẹ̀yìn ìwé yín, kí ẹ kọ àwọn ohun ńlá tó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè yín síbẹ̀. Tèmi nìyí, ti Ẹ̀gbá: Ogun Àdùbí, 1918. Àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú, ọdún yẹn náà. Ìgbà tí àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú wọn fi yọ Aláké Adémọ́lá lórí oyè, ìbẹ̀rẹ̀ 1949. Ó padà dé ní ìparí 1950. Òmìnira, 1960. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún, 2 oṣù Kẹrin 1972. Ìgbà tí pọ́n-ùn di náírà, 1 oṣù Kìíní 1973.

Ìyá kan á sọ pé, "Nígbà tí wọ́n gbé páànù lé ilé yẹn, mo ti lóyún àkọ́bí mi, Aláké kò sì sí lórí oyè." Ó ti fún yín ní ọdún: 1949 tàbí 1950. Ẹ wá béèrè ọjọ́ ìbí àkọ́bí rẹ̀, ẹ máa mọ èwo. Ẹni tó bá sì sọ fún yín tààrà pé "1932 ni," ẹ bi í bó ṣe mọ̀. Ó lè jẹ́ pé òkúta ìpìlẹ̀ ló kà, ọjọ́ tí wọ́n fi òkúta lélẹ̀ sì lè fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ọjọ́ tí ilé parí. Ẹ wo Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó: Ọmọ Ọba Edward láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní 1925, ilé kò parí títí di 1946. Ìran tó bí ọmọ ní ọdún òkúta ti ń wá ọkọ fún ọmọ náà kí ilé tó parí.

Ẹ ka ilé náà fúnra rẹ̀

Ẹ rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, nínú àti lóde, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sára rẹ̀. Orúkọ lára agogo, bí agogo bá ní. Orúkọ lẹ́yìn bẹ́ǹṣì, èyí tí ọmọdé fi ìṣó họ náà wà nínú rẹ̀. Wàláà lára ògiri, fèrèsé aláràbarà, aago mọ́ṣáláṣí tí ẹnì kan ti Mẹ́kà gbé wá, òkúta sàréè lẹ́yìn ilé. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú àṣìṣe rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí kì í sábà kọ orúkọ èèyàn sára ògiri, nítorí náà kàǹga, ẹní àti ilé gogoro ni kí ẹ béèrè nípa wọn: ta ló gbẹ́ ẹ, ta ló rà á, ta ló kọ́kọ́ gùn ún.

Nípa ìwọ̀n, kò nira. Téèpù gígùn kan, ọmọ méjì tí ó lè dì í mú, ìwé tí ẹ máa kọ ọ́ sí. Ẹ wọn gígùn, ìbú, nínípọn ògiri níbi fèrèsé, àti bí ilẹ̀kùn ṣe fẹ̀ tó. Ẹ ya fọ́tò ògiri kọ̀ọ̀kan láti iwájú gbọnrangandan, lẹ́yìn náà láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ilé. Òwúrọ̀ dára jù, òòrùn kò tíì le. Ẹ ya òrùlé láti inú, torí ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ iṣẹ́ káfíńtà.

Àwọn tó ru omi

Wọn kò kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn wa láìjẹ́ pé obìnrin ru omi àti iyanrìn. Ẹ bi àwọn ọkùnrin léèrè, wọ́n á sọ pé, "Ìjọ ló kọ́ ọ." Ẹ bi àwọn ìyá, wọ́n á sọ odò tí wọ́n ti pọn omi, orúkọ ẹgbẹ́ tó ń ru ní ọjọ́ Tuesday àti ti Thursday, ẹni tó wó lulẹ̀ tó sì bí ọmọ lọ́sẹ̀ yẹn, oúnjẹ tí wọ́n sè lọ́jọ́ tí wọ́n da dẹ́kìn. Ìbéèrè oúnjẹ yẹn kì í já mi kulẹ̀. Ìyá tó ti ní òun kò rántí nǹkan kan á bẹ̀rẹ̀ láti orí irú ẹ̀wà tí wọ́n sè, á dé orí ẹni tó jí ẹran, á wá dé orí orúkọ bíríkìlà tí wọ́n tọ́jú ẹran náà fún.

Wọ́n ń kọrin bí wọ́n ṣe ń ru. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ fún yín, kí ẹ sì gba ohùn náà sílẹ̀ látòkèdélẹ̀. Orin yẹn lè ní orúkọ aláìṣe nínú, àwọn tó kọ̀ láti ru omi tí wọ́n fi kọrin. Àwọn ọmọ wọn ṣì wà nínú ìjọ. Ẹ kọ orin náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ọgbọ́n pinnu bóyá ẹ máa kà á ní gbangba.

Ìwé àtijọ́

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ìsàmì ló lọ́rọ̀ jù. Kì í ṣe orúkọ ọmọ nìkan ló wà níbẹ̀. Orúkọ òbí, àdúgbò tí wọ́n ń gbé àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà níbẹ̀: aláró, àgbẹ̀, ahunṣọ, káfíńtà. Ẹ ka ogún ọdún iṣẹ́ ọwọ́ yẹn tẹ̀lé ara, ẹ máa rí bí àdúgbò ṣe ń yí padà, bí ahunṣọ ṣe ń dín kù tí akọ̀wé ń pọ̀ sí i. Ibẹ̀ náà ni ẹ ti lè rí orúkọ bíríkìlà yín, nígbà tó gbé ọmọ tirẹ̀ wá sàmì.

Ẹ kọ orúkọ àbísọ àti orúkọ ìsàmì pọ̀. Ní 5 oṣù Kejì 1848, ní Abẹ́òkúta níbí, wọ́n sàmì fún Àfàlá, ìyá Samuel Àjàyí Crowther, wọ́n sì pè é ní Hannah. Ẹni tó bá ń wá Àfàlá nínú ìwé tí wọ́n ti kọ Hannah nìkan kò ní rí i.

Mọ́ṣáláṣí kì í sábà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ìwé ìdáwó, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́, ìwé ìgbéyàwó. Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ àáfà àtijọ́ bóyá bàbá wọn fi ìwé ọwọ́ sílẹ̀. Àwọn àáfà kan máa ń fi háráfì Lárúbáwá kọ èdè Yorùbá. Àwọn ọmọ á rò pé àdúà ni gbogbo rẹ̀, wọ́n á dì í pa mọ́ sókè àjà láìkà. Ẹ wá àáfà tó lè kà á. Ó lè jẹ́ ìṣirò owó páànù ló wà níbẹ̀.

Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé tó ya. Ẹ má gbé e lọ fi ọ̀rá bò. Ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kì í ṣe nínú oòrùn, kí ẹ ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan láti òkè, láìlo iná fóònù, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pẹ́ńsù nìkan ni kó wà lọ́wọ́ yín. Ìwé kò gbọ̀dọ̀ kúrò ní ọ́fíìsì ìjọ. Bí ẹ bá gbé e lọ sílé, tí ikán sì jẹ ẹ́, ẹ̀yin ni wọ́n máa fi kọrin nígbà ìkọ́lé tó ń bọ̀.

Fún ìjọ tí míṣánnárì CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣánnárì Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) dá sílẹ̀, ẹ lọ sí National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé CMS ilẹ̀ Yorùbá wà níbẹ̀. Ẹ mú lẹ́tà ìjọ dání, kí ẹ sì mọ ọdún tí ẹ fẹ́ kà kí ẹ tó débẹ̀.

Ìdajì ìtàn lè wà ní ìlú mìíràn

Ní oṣù Kẹwàá 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n kó àwọn ilé míṣánnárì àti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lé àwọn òyìnbó jáde, Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend ti ń tẹ̀ láti 1859 sì dákẹ́. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá kó lọ sí Èkó. Gómìnà Glover, ẹni tí wọ́n ń pè ní Gólóbà, fún wọn nílẹ̀ ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta, Agó Ẹ̀gbá sì wà níbẹ̀ dòní. Tí ẹ bá ń kọ ìtàn ìjọ tó ti wà ní Abẹ́òkúta ṣáájú 1867, tí ẹ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta, ẹ ò tíì ṣe é tán. Àwọn tó sá lọ ló lè mọ bí ilé àkọ́kọ́ ṣe rí, torí àwọn tó kù níbí ti kọ́ òmíràn lé e lórí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìjàyè. Ìbàdàn fọ́ ìlú náà ní 1862, àwọn èèyàn rẹ̀ sá wá bá wa, wọ́n dá àdúgbò tiwọn sílẹ̀, ìjọ Onítẹ̀bọmi sì wà ní Ìjàyè Abẹ́òkúta títí di òní. Ní Salvador, Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, ilé òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Casa Branca ń jẹ́ Ilê Axé Iyá Nassô Oká. Ìyá Nàsó sì ni oyè obìnrin tó ń bójú tó Ṣàngó Aláàfin ní Ọ̀yọ́. Ní 1984, ìjọba Brazil fi ilé náà sábẹ́ ààbò òfin, òun sì ni ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ará Ọ̀yọ́ tó bá ń kọ ìtàn ojúbọ Ṣàngó ní ìbátan tó lè bi léèrè lókè òkun.

Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti ohun tí a kì í kọ

Ní ìlú púpọ̀, ẹ máa gbọ́ pé igbó tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ dá oko sí ni wọ́n fún àwọn míṣánnárì. Ẹ béèrè orúkọ igbó náà, àti ẹni tó ń bọ ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ á fajú ro. Mo máa ń sọ fún wọn pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ilẹ̀ yẹn ní àkísà kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé.

Tó bá jẹ́ ojúbọ tàbí igbó òrìṣà ni ẹ fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ni ín. Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi sínú ogún àjùmọ̀ní ayé ní 2005. Gbogbo ayé mọ Susanne Wenger, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ orúkọ Adébísí Àkànjí, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kásálí Àkàngbé náà sílẹ̀, àwọn tó fi símẹ́ǹtì, òkúta àti igi ṣe iṣẹ́ níbẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ibi tí awo bá ti ní kí ẹ dúró, ẹ dúró. Obìnrin ni mí, n kì í dé igbó Orò, n kì í sì í béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo máa ń rán sí àwọn bàbá tó bá kan ibẹ̀, òun náà sì mọ ohun tó yẹ kó sọ fún mi. Nínú ìwé, mo ń kọ ọ́ pé: "Àwọn tó ni ín kò fẹ́ kí a kọ èyí." Ìyẹn tó.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀

Ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí jù. Ìbéèrè "Ta ló fún ìjọ nílẹ̀?" lè mú ọ̀tá wá. Ilé kan á ní bàbá àwọn ló fi tọrẹ. Ilé kejì á ní àwọn ló ni ilẹ̀ náà, ilé àkọ́kọ́ kàn jókòó sórí rẹ̀ ni. Ẹ kọ méjèèjì, ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́, kí ẹ má sì dájọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín ní ìwé láti fọwọ́ sí. Tí ẹjọ́ bá wà ní kóòtù lórí ilẹ̀ náà, ẹ fo orí yẹn títí ẹjọ́ fi máa parí, torí agbẹjọ́rò lè gbé ìwé yín jáde níwájú adájọ́. Tí ìgbìmọ̀ bá sì ní kí ẹ yọ ti ilé kejì kúrò, ẹ bi wọ́n pé kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sí ìwé. N kò tíì rí ìgbìmọ̀ tó kọ ọ́.

Ohun tí ẹ máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má kó lọ sí ààtàn

Ẹ lọ bá kọ́ńtírákítọ̀ kí wọ́n tó wó ilé, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ fẹ́ fún un: agogo, òkúta ìpìlẹ̀, odindi fèrèsé kan pẹ̀lú férémù rẹ̀, ilẹ̀kùn ńlá, wàláà ara ògiri, mímbárì, bíríkì mẹ́wàá. Òrùlé àti igi àjà ni wọ́n sábà máa ń tà. Ẹ ní kí wọ́n dá igi kan sí, ibi tí wọ́n ti so igi pọ̀, kí a lè rí ọwọ́ káfíńtà. Ẹ bá wọn wá ibi tí wọ́n máa kó o sí kí ọjọ́ tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ inú ilé bíríkìlà kan ni ilẹ̀kùn yín máa bọ́ sí.

Ẹ kà á fún wọn

Kí ẹ tó gbé ìwé lọ sílé ìtẹ̀wé, ẹ kà á sókè ní ìpàdé àwọn ìyá, lẹ́yìn ìsìn tàbí lẹ́yìn àsálàátù. Wọ́n á pariwo. Ẹnì kan á ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn á ní irọ́ ni ẹni yẹn ń pa. Ẹ tan fóònù yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, torí àríyànjiyàn yẹn lọ́rọ̀ ju gbogbo ohun tí ẹ ti kọ lọ. Ẹ padà sílé, ẹ tún un kọ, kí ẹ fi àwọn méjèèjì síbẹ̀.

Ẹ má fi WhatsApp nìkan ṣe ibi ìpamọ́. Fóònù tó bá bọ́ sómi ti kó ìjọ lọ. Ẹ tẹ ẹ̀dà mẹ́rin ó kéré tán. Ọ̀kan nínú àpótí irin ìjọ, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹbí tó ti pẹ́ jù ní àdúgbò, ọ̀kan ní ilé ìkàwé ìlú yín, ọ̀kan ní National Archives, Ìbàdàn. Ti ìjọ, ẹ ní kí onítẹ̀wé fi ojú ìwé apá ọ̀tún sílẹ̀ lófìfo jálẹ̀, kí ẹ sì fi okùn so bírò mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní àtúnṣe, kó kọ ọ́ síbẹ̀, kó kọ orúkọ rẹ̀ àti déètì sábẹ́ rẹ̀.